Ìjàkadì Kì Í Ṣe Oríṣi Kan

Bàbá mi tòótọ́, ọkọ ìyá mi,

Ẹ kú àtìjọ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, ẹ bá mi fi ìkíni tayé gbà á. Orí àga onírin yín tó wà lẹ́yìnkùlé ni mo jókòó sí tí mò ń kọ èyí, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti tẹ̀, tí ẹ ò jẹ́ kí wẹ́dà fọwọ́ kàn, tí ẹ ní ó ti mọ ìdí yín. Kò mọ ìdí tèmi o, Bàbá. Láti àárọ̀ ló ti ń wá bó ṣe máa gbé mi ṣubú.

Màmá wà dáadáa. Orúnkún ṣì máa ń dùn wọ́n bí òjò bá ti ṣú, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn wọ́n, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀. Dàmọ́lá àbúrò mi ti ga débi pé ó ń tẹ orí ba kó tó wọ yàrá yín. Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni pé ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi gan-an. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba Bàbá Òkè-Ọpin lọ́wọ́ wa. Ọ̀rẹ́ yín, ẹni tí ẹ̀yin àti wọn máa ń jọ rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú yín, tí àwa ọmọ ò sì ní mọ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín. Ó ti yanjú báyìí, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ rántí iṣẹ́ mi ní Ìlọrin. Bí mo bá ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá tán, mo máa ń lọ sí gbọ̀ngàn kan nírọ̀lẹ́, mo máa ń kọ́ tọmọdé tàgbà ní jíú-jítsù. Bí wọ́n bá bi yín ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ayé yín pé kí ni ọmọ yín obìnrin ń ṣe, ẹ máa ń nà ró, ẹ ó sì dáhùn pé kàráté ni. Kàráté! Bàbá, kàráté kọ́. Ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá ni ti kàráté. Àwa kì í gbá ẹnikẹ́ni lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ńṣe là ń dì mọ́ ara wa, tí a ó máa yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, títí ẹnì kan á fi gbà pé apá òun ò ká a mọ́.

Ó máa ń dùn mí díẹ̀, torí pé ẹ̀yin gan-an ni ẹ kì í fẹ́ kí wọ́n pe nǹkan lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo rántí obìnrin kan tó wá láti Ìlọrin wá ra iṣu lọ́wọ́ yín, tó nawọ́ sí èsúrú tó ní irú iṣu yìí wu òun. Ẹ ò tà á fún un mọ́, àfìgbà tí ẹ mú un yí gbogbo abà ká. Èyí ni èsúrú, sísè ni ká sè é jẹ. Èyí ni ẹ̀fùrù, òun ni ká fi gúnyán. Ewùrà nìyí, ọ̀jọ̀jọ̀ ni tirẹ̀, ẹni tó bá fi gúnyán á sunkún. Iṣu lásán ni obìnrin yìí wá rà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di àgbẹ̀ kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Kí ló dé tí èmi ò mú yín yí abà tèmi náà ká nígbà tí ẹ wà láyé? Mo rò pé àyè ṣì pọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín yí i ká báyìí. Jápáàn ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Àwọn jagunjagun ibẹ̀ láyé àtijọ́ ni wọ́n ní jíú-jítsù àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n ń lò bí idà bá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Gbígbéni-ṣánlẹ̀ wà níbẹ̀, apá lílọ́ wà níbẹ̀, kódà ẹ̀ṣẹ́ wà níbẹ̀. Ara rẹ̀ ni júdò ti jáde. Júdò ni ì bá wù yín jù, mo mọ̀. Àwọn méjì á di aṣọ ara wọn mú, ọ̀kan á gbé ìkejì sókè, á fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé ilẹ̀ gbì, adájọ́ á na ọwọ́ sókè, ó parí. Àwọn ará Bùràsíìlì wá kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn ará Jápáàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni àwọn yàn láàyò. Tiwọn yìí ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn. Nínú tiwa, kí ẹ̀yìn èèyàn balẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan. Orí ẹ̀yìn gan-an lèèyàn ti lè jà jù. O ó fi ẹsẹ̀ há ẹnìkejì rẹ, o ó wá apá rẹ̀ tàbí ọrùn rẹ̀, bó bá ti di ohun tí kò lè fara dà, á fi ọwọ́ gbá ọ lára pẹ́pẹ́. Ìyẹn ni pé ó gbà. Lójú ẹsẹ̀ lo gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀, kò sí àríyànjiyàn.

Tiwa yìí náà tún pín. Ọ̀kan wà tí a máa ń wọ aṣọ funfun tó nípọn bí àpò, tí a ó di bẹ́líìtì mọ́ ọn, tí a ó sì máa fi kọ́là ara wa fún ara wa lọ́rùn. Ìkejì kò ní aṣọ yẹn rárá, ẹni tí òógùn bá ti bò á máa yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ọjọ́ tí mo sọ fún Màmá pé ọ̀kan wà tí a kì í wọ aṣọ, ìkòkò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. “Níbo? Níwájú yèsí?” Mo sáré ṣàlàyé pé ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì wà lára gbogbo wa. Wọ́n ní kí n máa sọ ọ̀rọ̀ parí kí n tó mí.

Àwọn òyìnbó Ìlú Ọba ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní kẹ́ẹ̀ṣì. Nínú ìyẹn, èèyàn lè borí bó bá tẹ ẹ̀yìn ẹnìkejì mọ́lẹ̀, ó sì tún lè borí bó bá lọ́ ọ lẹ́sẹ̀ títí onítọ̀hún fi bẹ̀bẹ̀. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní sáḿbò. Jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń wọ̀ lé ṣòkòtò péńpé, bí ẹni tí iná lé jáde nílé kó tó múra tán. Wọ́n fẹ́ràn ẹsẹ̀ lílọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fún ara wọn lọ́rùn. Ẹni tí kò mọ̀ á kàn wo gbogbo wa, á ní àwọn kan ń yí nílẹ̀. Ẹni yẹn náà ló wá ra èsúrú lọ́wọ́ yín.

Ìjàkadì ilé wa náà sì wà láàyè tirẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹ jà á nígbà èwe yín kí ẹ tó di alàgbà ìjọ, ṣùgbọ́n ẹ kì í fẹ́ ká dá a sílẹ̀. Bí a bá bi yín, ẹ ó kàn ní ká lọ bu omi wá. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ Ọ̀sì ìlú wa mọ̀ níbẹ̀: ẹ̀yìn ẹni balẹ̀, ìjà tán.

Nígbà iṣu tuntun tó kọjá yìí, àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Ọpin ní kí Dàmọ́lá, tí èmi fúnra mi kọ́ ní jíú-jítsù, wá bá Ṣọlá jà ní pápá ilé ìwé wọn. Ṣọlá ọmọ Bàbá Òkè-Ọpin ni, ẹni tó máa ń gun yín lẹ́yìn nígbà tó wà ní kékeré. Ó ti di mẹkáníìkì báyìí, èjìká rẹ̀ gbòòrò, kò sì sẹ́ni tó tíì dá a rí nínú àwọn ìlú Ọpin. A jókòó gbèrò dáadáa, Bàbá. A fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí wọ́n á ti jà, lórí adájọ́, lórí iyanrìn tí wọ́n á dà sílẹ̀. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ló gbà wá lásìkò jù, torí Aládùúrà ò fẹ́ kí Onítẹ̀bọmi gbà á, Onítẹ̀bọmi náà ò sì gbà fún Aládùúrà. Irú ìjàkadì wo ni wọ́n fẹ́ jà? Kò sẹ́ni tó bèèrè. Kí lèèyàn ń bèèrè níbẹ̀? Àwọn ará Òkè-Ọpin mọ ohun tí ìjàkadì jẹ́, àwa náà sì mọ̀ ọ́n.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n di ara wọn mú, Ṣọlá tì í, Dàmọ́lá náà tì í padà. Bí Dàmọ́lá ṣe rí i pé agbára ọkùnrin yìí ju tòun lọ, ó ṣe ohun tí mo kọ́ ọ: ó jókòó sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀yìn, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì há Ṣọlá mọ́ àárín. Ẹ ẹ̀ rí ariwo, Bàbá! “Ó ti tán o! Ujà ti tán!” Àwọn obìnrin gbé agbádá ọkọ wọn jù sókè. Ṣọlá tú ọwọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń ju ọwọ́ sí àwọn èèyàn rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Dàmọ́lá ní tirẹ̀ kò gbọ́ nínú ariwo pé wọ́n ní ó ti tán. Apá kan tó wà lófuurufú ló rí, ó fà á, ó sọ ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn Ṣọlá, ó sì fún un pinpin.

Ó ń retí kí Ṣọlá gbá òun lára. Ṣọlá ò gbá ẹnikẹ́ni lára. Ta ló kọ́ ọ? Mo sáré, mo ń pariwo orúkọ Dàmọ́lá, kí n tó dé ibẹ̀ ọrùn Ṣọlá ti rọ̀, ó ti sùn lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti balẹ̀ nínú iyanrìn.

Oorun díẹ̀ ni o, kì í ṣe ikú. Ó ti la ojú kí wọ́n tó bu omi dé. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ àlàyé lọ́jọ́ yẹn? Lójú àwọn ará Òkè-Ọpin, wọ́n ti borí ọmọ yín, ó sì tún lọ fún ẹni tó ń yọ̀ lọ́rùn. Lójú Dàmọ́lá, ìjà ò tíì bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Bí àwọn ọ̀dọ́ wọn ṣe ń já igi tí wọ́n fẹ́ fi nà wá, ọlọ́kadà kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀sì ní ká gun ẹ̀yìn òun, èmi àti Dàmọ́lá fò gùn ún, a ò wẹ̀yìn títí a fi délé. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín báyìí tó ti kọjá.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Bàbá, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí Bàbá Òkè-Ọpin kì í gun ọ̀kadà wá kí Màmá lẹ́yìn ìsìn. Wọn kì í jókòó sórí àga yín yìí, àga oníke ni wọ́n máa ń gbà. Wọ́n á mu omi tútù, wọ́n á ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ti ṣe hẹdimáàsítà rí kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀: gbogbo ẹni tó bá la ẹnu níwájú wọn ni wọ́n máa ń tún gírámà rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sọ ìtàn kan nípa yín, èyí tí Màmá ti gbọ́ tí etí wọn ti kún, Màmá á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Mo gbà pé ìtàn yẹn ló gbé Màmá dúró lẹ́yìn yín. Ẹni kan ṣì wà láyé tó mọ̀ yín ṣáájú wọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ìjà, wọn ò wá. Èyí tó tún tẹ̀lé e, wọn ò wá. Mo tẹ̀ wọ́n láago títí, wọn ò gbé e. Màmá kàn ń bu oúnjẹ Bàbá Òkè-Ọpin sọ́tọ̀, wọ́n ń fi àwo dé e, bó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á gbé e síwájú Dàmọ́lá. Dàmọ́lá ò lè fi ẹnu kàn án. Lọ́jọ́ kan mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo gbọ́ wọn tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀: “Ọkọ lọ. Ọ̀rẹ́ ọkọ náà tún lọ.” Mo rọra padà sẹ́yìn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, Bàbá, ju bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ tí a sin yín lọ, torí lọ́jọ́ tí a sin yín, àlejò pọ̀.

Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo kọjá lọ sí Òkè-Ọpin láìsọ fún Màmá. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń ṣa iṣu. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n wà lórí eékún pẹ́ díẹ̀, kí n lè mọ̀ pé mo ṣẹ̀, kí wọ́n tó ní kí n dìde. Mo bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Bí n ó ṣe ṣe é ni mò ń wá, ni ojú mi bá lọ sí iṣu tó wà nílẹ̀. Mo gbé ẹ̀fùrù kan, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká pe èyí ní ìjàkadì ilé wa. Mo gbé ewùrà, mo ní jíú-jítsù Bùràsíìlì nìyí. Mo gbé òmíràn ṣe júdò, mo gbé òmíràn ṣe kẹ́ẹ̀ṣì. Mo ṣàlàyé ibi tí ìjà ti ń parí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ṣàlàyé ọwọ́ gbígbá. Òógùn bò mí.

Hẹdimáàsítà bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìbéèrè. Kí ni wọ́n ń dì mú nínú èyí tí kò ní aṣọ? Bí ọwọ́ méjèèjì bá há, kí lèèyàn fi ń gbá ara ẹni? Mo ní ẹsẹ̀ ni, tàbí kó fi ẹnu sọ ọ́. Wọ́n mi orí. Wọ́n tún ní kí n tún sáḿbò sọ, torí mi ò sọ ọ́ dáadáa tó. Mo tún un sọ. Mo ti ń rò pé mo ti yege.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “usu rẹ yé mi. Ujà rẹ náà yé mi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀ pé Dàmọ́lá ń ja tirẹ̀, Ṣọlá ń ja tirẹ̀. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Yèsí ló gbé ọmọ mi nílẹ̀? Yèsí ló gbọn yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀?”

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣàlàyé fún èmi. Nínú ìjàkadì tiwa, ẹ̀yìn balẹ̀ nìkan kọ́ ló ń parí ìjà. Ẹni tó borí gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sí ẹni tó dá, kó fà á dìde, kó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ gbọn yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dànù níṣojú gbogbo èèyàn. Bí kò bá ṣe é, ìjà ò tíì tán, ó ti kúrò ní eré, ó ti di ìkùnsínú, kì í sì í ṣe ti àwọn méjì tó jà nìkan mọ́, ó ti di ti ilé sí ilé. Yẹ̀pẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn Ṣọlá títí di ìgbà yẹn, lójú bàbá rẹ̀. Àwa ti gun ọ̀kadà lọ.

Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ èyí fún wa? Ṣé nítorí pé mo jẹ́ obìnrin ni, tí wọn kì í jẹ́ kí a sún mọ́ agbo? Dàmọ́lá ńkọ́? Àbí ẹ rò pé bí ẹ bá sọ ọ̀kan fún wa, a ó bi yín ní gbogbo rẹ̀?

Mo pe Dàmọ́lá lórí fóònù, ó gun ọ̀kadà dé, ojú rẹ̀ ti ràn. Wọ́n pe Ṣọlá jáde látinú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó kún fún epo. Gbogbo wa dúró síwájú ilé. Àṣé ọ̀ràn ṣì wà níwájú: ta ló máa dùbúlẹ̀? Ní ti ìjàkadì ilé, Ṣọlá ló borí, Dàmọ́lá ló yẹ kó wà nílẹ̀. Ní ti jíú-jítsù, Dàmọ́lá ló borí. Mo sọ ọ́ jáde, kò mà sí ẹ̀rín nínú rẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́ o. Bàbá Òkè-Ọpin wò mí, wọ́n wo Ṣọlá, ẹ̀rín bú pọ̀ọ̀ lẹ́nu wọn. “Kí àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀! Ujà méjì ni wọ́n jà.”

Dàmọ́lá ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Ṣọlá fà á dìde, ó gbọn ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi epo mọ́tò ya àtẹ́lẹwọ́ sí i láṣọ. Ó kan Ṣọlá. Ó na gbalaja sílẹ̀ láàárín àwọn iṣu, ó ní kí Dàmọ́lá ṣe kíá, ilẹ̀ ń tutù sí òun lára. Dàmọ́lá na ọwọ́ sí i. Bí ó ṣe ń gbọn ẹ̀yìn rẹ̀ ni bàbá ń sọ pé kó gbọn ìsàlẹ̀, kó gbọn èjìká, ó ṣì ku díẹ̀. Kò sí yẹ̀pẹ̀ kankan mọ́ níbẹ̀, Dàmọ́lá ò sì dáwọ́ dúró. “Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́,” ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí iṣu wọn. Mo mí kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àná, a gbọ́ ìró ọ̀kadà. Màmá kàn dìde lọ bu ọbẹ̀. Bàbá Òkè-Ọpin jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n ní iyọ̀ pọ̀. Ẹ wo ojú Màmá, Bàbá! Kò sẹ́ni tí wọ́n bú lórí iyọ̀ rí tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ni wọ́n bi mí. Nínú gbogbo irú ìjàkadì tí mo kà sílẹ̀ fún wọn, èwo ni ti bàbá mi? Mo ní ti ilé ni, ti kí ẹ̀yìn balẹ̀. Wọ́n mi orí pé rárá, tiyín dá yàtọ̀, ó sì ní orúkọ. Wọ́n bá sọ ìtàn kan tí Màmá ò gbọ́ rí. Ní pápá Obbo-Ayégúnlẹ̀, nígbà tí irùngbọ̀n yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ẹ̀yin àti wọn jọ jà, ẹ sì gbé wọn ṣánlẹ̀. Wọ́n ní bí ilẹ̀ ṣe ń bọ̀ ni wọ́n ń rí i, wọ́n ti di eyín mọ́ra. Orí wọn ò kan ilẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ yín ló kàn. Ẹ ti sáré fi ọwọ́ yín kan tẹ́ ẹ lábẹ́, ọwọ́ náà sì bó. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ẹni tí ẹ bá dá. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní ìjàkadì olóṣùkà, pé ẹ máa ń ká òṣùkà fún orí ọlọ́rí. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni. Irú orúkọ báyìí wà lára yín, ẹ sì gbé e lọ láìsọ fún ọmọ kankan. N ó kọ́ àwọn tó wà ní Ìlọrin. N ó pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an.

Mo rò pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara wọn.

Ẹ mọ̀ pé ojú ọ̀nà ni mo wà lọ́jọ́ tí ẹ lọ. Màmá ti lọ sí ìta ilé ìwòsàn láti lọ ra ẹ̀kọ fún yín. Nígbà tí wọ́n fi padà dé, nọ́ọ̀sì ti fi aṣọ bo ojú yín, kò sì sí ẹlòmíràn nínú yàrá mọ́. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí, ẹ̀rù ìdáhùn ló bà mí. Ohun tí mo ti gbà lọ́kàn ni pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà.

“Mo ti kí i tán, mo ti ń lọ ulé,” ni Bàbá Òkè-Ọpin wí. “Mo gbàgbé fìlà mi, mo padà wá mú un. Mo bá a tó ń wá ibi tó máa gbé orí lé. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ki ọwọ́ mi bọ abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi lọ.”

Màmá fi ìborùn bo ojú. Èmi dìde, mo wá síbí, mo jókòó, ní àárọ̀ yìí mo sì tún padà wá. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá? Ṣé ó yé yín pé ọwọ́ ọ̀rẹ́ yín ni?

Ẹ máa sinmi, ẹni ọ̀wọ́n mi. Èmi náà ti lè sinmi báyìí.

Ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín jọjọ.